"Níbo?": Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ fún Títú Olú Ẹ̀dá Ìtàn Wò Nínú Kíláàsì

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fòfin dè ní kíláàsì SS2 mi: akíkanjú, olóòótọ́ àti onínúure. Ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀kan nínú wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ ojú ìwé tó ti rí i, yóò sì ka ibẹ̀ sókè. Bí kò bá rí i, kó jókòó. Ó ti mọ́ àwọn ọmọ náà lára débi pé bí ẹnì kan bá ṣèèṣì là á lẹ́nu, gbogbo kíláàsì á ti dá a lóhùn pé, "Níbo?"

Ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń tà nígbà tí WAEC àti NECO bá ń bọ̀ ló fà á. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi mọ èyí tí mò ń wí. Gbogbo olú ẹ̀dá ìtàn tó wà nínú rẹ̀ ló jẹ́ akíkanjú, olóòótọ́ àti onínúure. Ìbáà jẹ́ ọdẹ, ìbáà jẹ́ olè, ìbáà jẹ́ ọlọ́pàá, ìwà kan náà ni wọ́n ń hù. Ọmọ á kọ́ ọ sórí bí ẹni kọ́ Àdúrà Olúwa, á dà á sílẹ̀ lórí bébà ìdánwò, kò sì ní ṣí ìwé ìtàn gan-an fúnra rẹ̀ wò rí. Mo ti mákì irú rẹ̀ títí ó fi sú mi.

Kábà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo ti ń kọ́ni. Ọmọ 41 ló wà ní kíláàsì náà, ẹ̀dà ìwé ìtàn 9 ló sì wà láàárín gbogbo wọn, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ tèmi. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ilé ìwé tí wọ́n ti ń pín kọ̀ǹpútà fún ọmọ ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀kì, pátákó, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ àti ìṣẹ́jú 40 ni mo ní. Ọjọ́rú nìkan ni píríọ́dù méjì so pọ̀ fún mi, ọjọ́ náà ni mo sì máa ń fi iṣẹ́ tó bá gùn sí.

Ẹ má tíì ṣí ìwé ńlá

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìtàn kékeré kan tí mo fúnra mi hun ni mo máa ń kọ sójú pátákó. Ẹ lè lo tèmi, ẹ sì lè hun tiyín. Kó má ṣáà gùn, kí ìwà ẹni tó wà nínú rẹ̀ má sì hàn tán ní kíkà ẹ̀ẹ̀kan. Tèmi rèé:

Ìdòwú gbé kajú ìyá àgbà rẹ̀ lọ sọ́jà. Bàbá tó rà á ṣi owó kà fún un, ó fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà lé e. Ìdòwú rí i, kò sọ̀rọ̀. Ó rìn títí ó fi dé ìdí igi máńgòrò, ó jókòó, ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dìde, ó padà. Ó ní, "Bàbá, owó yín lé," ó sì na ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ sí i. Bàbá náà ní, "Ọmọ rere ni ìwọ yìí o." Ìdòwú kò dáhùn. Nígbà tó délé, ìyá àgbà bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́. Ó ní, "Èrò pọ̀ lọ́jà."

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lò ó, gbogbo ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ pé olóòótọ́ ni Ìdòwú. Mo fọwọ́ lẹ́rán, mi ò sọ nǹkan kan. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn pátápátá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ń ṣa kajú lóko bàbá rẹ̀. Kì í sábà nawọ́. Ó nawọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Àǹtí, owó yẹn ò pé."

Kíláàsì dákẹ́. Ó ní, "Ẹgbẹ̀rún méjì ló lé. Ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ ló dá padà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ṣì wà lápò ẹ̀."

Ariwo sọ! Ẹnì kan ní olè ni Ìdòwú nígbà náà. Ọmọbìnrin kan bi í pé olè wo ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé owó padà? Ẹlòmíì ní kí wọ́n wo ibi tí bàbá ti pè é ní ọmọ rere tí kò dáhùn. Ó ní bó bá jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ mọ́, á ti ní ẹ ṣeun. Òmíràn tún rí i pé irọ́ ni "Èrò pọ̀ lọ́jà", nítorí ìdí igi máńgòrò ló ti pẹ́, kì í ṣe ọjà. Kí aago tó lù, ẹnì kan nínú wọn sọ ọ́ ní èdè Owé, ẹ̀ka-èdè Kábà níbí, èmi sì tún un kọ sójú pátákó báyìí: "Ìdòwú mọ ohun tó tọ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ tán." Gbólóhùn kan ṣoṣo, kò sí akíkanjú nínú rẹ̀, kò sí olóòótọ́. Ohun tí ìlànà ẹ̀kọ́ ń pè ní ìfìwàwẹ̀dá nìyẹn, ọmọ tó ń ṣa kajú ló sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún wa.

Lára ìtàn Ìdòwú yìí náà ni mo ti máa ń fi ibi mẹ́rin tí ìwà ń gbé hàn wọ́n: ohun tí ẹ̀dá ìtàn ṣe, ohun tó sọ, ohun tí ẹlòmíì sọ nípa rẹ̀, àti ohun tó yẹ kó ṣe tàbí kó sọ tí kò ṣe, tí kò sọ. Ẹ̀kẹrin yìí ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn ọmọ kì í tètè rí i, torí ojú wọn ti mọ́ kí wọ́n máa wá ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. "Ìdòwú kò dáhùn": ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, ó sì wúwo ju gbogbo ìyìn bàbá oníkajú lọ.

Pínpín sí ẹgbẹ́

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìlà àga ni mo fi ń pín wọn, mo sì rí pupa ojú. Àwọn ọ̀rẹ́ tó jókòó pọ̀ ń jẹ ẹ̀pà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ fún ẹni mẹ́fà, ariwo wọn sì dé ọ́fíìsì débi tí ọ̀gá fi wá yọjú lójú fèrèsé láti mọ̀ bóyá olùkọ́ wà nínú kíláàsì. Mo wà níbẹ̀ o.

Báyìí, kíkà ni mo fi ń pín wọn. Ọmọ àkọ́kọ́ á ní "ọ̀kan", èkejì á ní "èjì", títí dé "ẹ̀jọ", a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Àwọn ọ̀kan á kóra jọ, àwọn èjì á kóra jọ. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ, ọmọ márùn-ún márùn-ún, ẹgbẹ́ kan ní mẹ́fà. Ẹ̀dà ìwé kọ̀ọ̀kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kẹsàn-án á wà lórí tábìlì mi fún ìgbà tí àríyànjiyàn bá le.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ níṣẹ́. Òǹkàwé ń ka ìwé sókè fún àwọn yòókù. Akọ̀wé ń kọ. Awárìí ń ṣí ojú ìwé kiri láti wá ẹ̀rí. Agbẹnusọ ló máa dìde sọ fún kíláàsì. Ẹ̀karùn-ún ni a ń pè ní Oní-Níbo, iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa bi wọ́n pé "Níbo?" nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ nǹkan nípa ẹ̀dá ìtàn. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró ni kí ẹ fi jẹ Oní-Níbo. Ẹnu tó ń da kíláàsì rú tẹ́lẹ̀ ló máa wá di ẹnu tó ń ṣọ́ kíláàsì. Ẹ máa pààrọ̀ iṣẹ́ náà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, akọ̀wé á di akọ̀wé títí ayé.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Ọmọ Owé wà nínú kíláàsì mi, ọmọ Ìjùmú wà, ọmọ Yàgbà àti Bùnú wà, àwọn ọmọ Ẹ̀bìrà náà sì wà tó jẹ́ pé Yorùbá ọjà ni wọ́n gbọ́. Bí mo bá ní kí wọ́n máa fi Yorùbá àjùmọ̀lò jiyàn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni mẹ́ta ló máa sọ̀rọ̀. Nítorí náà, nínú ẹgbẹ́, èdè tó bá wù kálukú ni kó sọ. Bí ó bá di ká kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kí agbẹnusọ dìde, Yorùbá àjùmọ̀lò ni. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan kì í fẹ́ gbọ́ ẹ̀ka-èdè nínú kíláàsì rárá. Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ọmọ tó fi èdè ilé rẹ̀ ro nǹkan já ló ń ní ohun tó máa kọ.

Ẹni gbọọrọ lẹ́yìn pósítà

Lẹ́yìn Ìdòwú, a ó wá ṣí ìwé. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938, ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ yín ló ti kà á. Akàrà-ògùn ni olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Ìwé yòówù tí wọ́n bá yàn fún yín, iṣẹ́ náà ò yàtọ̀.

Ẹ wá bébà tó gùn tó ènìyàn. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì dára, ṣùgbọ́n pósítà òṣèlú ló dára jù. Lẹ́yìn ìdìbò, ó máa ń pọ̀ bí ewé, ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun kedere. Ẹ fi sítáàṣì tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe lẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀. Kí ọmọkùnrin kan dùbúlẹ̀ lé e, kí ẹlòmíì fi èédú tẹ̀lé ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ yípo. Mi ò jẹ́ kí ọmọbìnrin dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí òbí má bàa wá bi mí léèrè. Bó bá dìde, ojú ìlà ènìyàn gbọọrọ ló máa kù lórí bébà.

A ó wá máa kọ̀wé sínú ara náà. Ohun tí Akàrà-ògùn ń rò lọ sí orí. Ọ̀rọ̀ tó sọ, ní gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé, lọ sí ẹnu. Ohun tó bẹ̀rù àtohun tó fẹ́ràn lọ sí àyà. Iṣẹ́ tó ṣe lọ sí ọwọ́. Ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ wà ní ẹsẹ̀: ọmọ ọdẹ ni, àjẹ́ sì ni ìyá rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fo èyí. Ohun tí àwọn ẹlòmíì sọ nípa rẹ̀ wà ní ìta ara, yípo ojú ìlà. Ohunkóhun tí kò bá ní nọ́ńbà ojú ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Oní-Níbo á fi bíró pupa fa ìlà sí i.

Ẹ má ṣe kánjú níbi iṣẹ́ yìí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ní ọdún kan, ẹgbẹ́ kejì kọ "oògùn" sí ọwọ́ Akàrà-ògùn, ẹgbẹ́ karùn-ún kọ ọ́ sí orí rẹ̀, ẹgbẹ́ keje gbé e sí ìta ara pátápátá. Mo ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sí iwájú wá ṣàlàyé. Àwọn tó kọ ọ́ sí ọwọ́ ní irinṣẹ́ ni, bí ìbọn. Àwọn tó kọ ọ́ sí orí ní ìmọ̀ ni, ó gbọ́dọ̀ mọ ọfọ̀ rẹ̀ kó tó jẹ́. Àwọn tó gbé e síta ní kì í ṣe tirẹ̀ rárá, ẹni tó bá ní oògùn náà lọ́wọ́ lè ṣe ohun tó ṣe. Ẹ ò rí i pé àwọn ọmọ yìí ti bọ́ sínú ìbéèrè tó le jù nípa ẹ̀dá ìtàn yẹn láìsí ẹni tó tì wọ́n? Ṣé agbára rẹ̀ ni, àbí agbára oògùn rẹ̀? Orúkọ rẹ̀ gan-an ń dá kún ọ̀rọ̀ náà. Mo fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀ fún wọn, mi ò sì dá ẹjọ́ náà.

Nǹkan kejì tó ṣẹlẹ̀ lórí bébà yìí, èmi gan-an ò fọkàn sí i tẹ́lẹ̀. Awárìí ẹgbẹ́ kan pè mí, ó ní òun ò rí ohun tí òun máa kọ sí ìta ara. Mo ní ṣé kò sí ẹni tó yìn ín nínú ìwé ni? Ó ní ó wà, "ṣùgbọ́n òun náà ló ń sọ pé wọ́n yin òun, Àǹtí." Òótọ́ ni. Akàrà-ògùn fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn ìrìn àjò rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ní ọba bọ̀wọ̀ fún òun, ẹnu rẹ̀ la ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi gbogbo kíláàsì ní ìbéèrè yìí kí wọ́n tó fọwọ́ kan máákà: ta ló ń sọ ìtàn náà fún wa, kí sì ni èrè rẹ̀ níbẹ̀? Bí ìwé yín bá jẹ́ èyí tí òǹkọ̀wé dúró lókèèrè tó ń ròyìn, ìdáhùn á yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n.

Àga ìbéèrè

Ẹ gbé àga kan sí iwájú kíláàsì. Ẹni tó bá jókòó lé e ti kúrò ní ọmọ SS2, ó ti di olú ẹ̀dá ìtàn, "èmi" ló sì gbọ́dọ̀ máa wí. Àwọn yòókù ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé, wọ́n lè sọ ọ̀rọ̀ sí i létí bó bá há.

Ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti kọ ìbéèrè méjì sílẹ̀, kí ẹ sì kà wọ́n. Ẹ yọ gbogbo ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" lè parí. "Ṣé ẹ̀rù bà yín?" ò wúlò. "Ìgbà wo ni ẹ̀rù bà yín jù, kí lẹ sì ṣe sí i?" ìyẹn ni ìbéèrè. Kí ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́ èyí tí ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé, kí èkejì jẹ́ èyí tí òǹkọ̀wé kò sọ, tó jẹ́ pé ọmọ máa ní láti fi ohun tó wà nínú ìwé gbé e ró.

Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín táàmù kan. Orúkọ rẹ̀ bọ́ sí orí àga nítorí pé a ṣẹ́ gègé. Ó lọ jókòó, ó sọ orí kọ́. Àwọn ọmọ kí i bí a ti ń kíni níbí: "Ọ̀kun o." Ó dáhùn, "Ọ̀kun." Wọ́n rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé Akàrà-ògùn ti di ọmọ Kábà. Ẹ sì wò ó, "ẹ" ni gbogbo wọn ń fi bá a sọ̀rọ̀, torí àgbà ọdẹ ni. Mi ò kọ́ wọn ní ìyẹn.

Ẹnì kan wá bi í pé, "Igbó tó fẹ́ẹ̀ pa yín, kí lẹ tún padà lọ wá níbẹ̀?"

Ó pẹ́ díẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i létí, ó fọwọ́ dá wọn dúró. Ó ní, "Ta ni mo fẹ́ jókòó tì nílé? Bàbá mi ti kú. Ìyá mi ti kú."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Oní-Níbo gan-an gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó rọra bèèrè pé, "Níbo?" Awárìí ṣí ìwé padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ibi tí ìyá àti bàbá ti kú kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀, ó kà á. Gbogbo wa la ti ka ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́nì kan nínú wa, títí kan èmi, tó ti so ó mọ́ ìpadà sínú igbó. Ṣé ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn nìyẹn? Kò pọn dandan. Ìwé gbà á láyè, ọmọ náà sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Máàkì rẹ̀ pé.

Ẹ kíyè sára o: bí ọmọ kan nínú kíláàsì yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù òbí, ẹ má jẹ́ kí gègé gbé e sórí àga lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ṣe agbẹnusọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àjẹ́ àti oògùn. Àwọn òbí kan máa ń fajú ro. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé ìwà ni à ń tú wò, a ò kọ́ ọmọ ní ọfọ̀.

Ẹjọ́ níwájú ọba

Èyí nílò píríọ́dù méjì, àti ọkàn tó le díẹ̀. Ẹ mú ìpinnu kan tí olú ẹ̀dá ìtàn ṣe, èyí tí ènìyàn lè bá a jà lé lórí, kí ẹ gbé e lọ síwájú ọba. Nínú Ògbójú Ọdẹ, ọ̀rọ̀ Kákò ni mo máa ń mú. Kákò pa ìyàwó rẹ̀ nítorí pé obìnrin náà dì í mú kó má bàa lọ, ó sì bá Akàrà-ògùn àtàwọn yòókù lọ sí Òkè Láńgbòdó, ibi tí ọba rán wọn. Ẹ̀sùn náà: ṣé ó yẹ kí Akàrà-ògùn ṣì bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ rìn? Ẹgbẹ́ méjì á rojọ́ ta kò ó, méjì á gbè é lẹ́yìn, méjì jẹ́ ẹlẹ́rìí, méjì tó kù jẹ́ ìjòyè tó máa dá ẹjọ́. Ẹlẹ́rìí kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tí kò sí nínú ìwé. Bó bá sọ ọ́, ìjòyè á ní kó jókòó.

Mi ò gbà kí wọ́n fi oyè gidi ṣeré. Ọbaro, Ọbadọ̀fin, Ọbajemu, wọn ò gbọ́dọ̀ dárúkọ wọn níbẹ̀. Kábíyèsí àti ìjòyè ti tó. Mi ò sì gbà kí wọ́n fi ikú obìnrin náà ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín á bọ́ síta.

Bí wọ́n bá ń rojọ́, ẹ má dá sí i. Ẹ jókòó sẹ́yìn, kí ẹ máa kọ ẹni tó mú ẹ̀rí wá sílẹ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n dá kò ṣe pàtàkì sí mi. Lọ́dún kan wọ́n dá a láre, lọ́dún kejì wọ́n dá a lẹ́bi.

Ojú ọ̀nà

Èyí kéré, kò ju ìṣẹ́jú 40 lọ. Gbogbo ọmọ wa ló mọ ọ̀nà Kábà sí Lọ́kọ́ja, bó ṣe gba Ọ̀bàjànà, pẹ̀lú kòtò rẹ̀ àtàwọn tírélà símẹ́ńtì. Mo máa ń ní kí wọ́n ya ìgbésí ayé olú ẹ̀dá ìtàn bí ọ̀nà bẹ́ẹ̀: kó gòkè níbi tó ti lágbára, kó sọ̀kalẹ̀ níbi tó ti rẹ̀ ẹ́, kí kòtò wà níbi tó ti ṣìṣe. Ojú ìwé ni òkúta máìlì. Ìrìn àjò Akàrà-ògùn jẹ́ mẹ́ta. Òun nìkan ló dá méjì àkọ́kọ́ lọ sí Igbó Irúnmalẹ̀, ọba ló rán an ní ẹ̀kẹta, pẹ̀lú àwọn akọni mìíràn. Tí ọ̀nà bá ti wà lórí bébà, ẹ bi wọ́n: ẹni tó padà dé yìí, ṣé ẹni tó lọ náà ni? Àwọn kan á ní ó ti yí padà, ó ti ń ronú nípa ìlú. Àwọn kan á ní ìwà rẹ̀ kò yí padà, ìdí tó fi ń lọ ló yí padà. Èmi wà pẹ̀lú àwọn kejì, ṣùgbọ́n mi ò kì í sọ fún wọn kí wọ́n tó kọ tiwọn.

Ẹ má ṣe iṣẹ́ ẹjọ́ ní ìgbà kajú. Láti Fẹ́búárì lọ, àga á máa ṣófo, torí oko ni àwọn ọmọ wà, owó ilé ìwé àwọn kan nínú wọn sì wà lórí igi náà. Bébà gbọọrọ àti ojú ọ̀nà ni mo máa ń fi sí àkókò náà, torí ẹni tí kò wá lè wá kà á lára ògiri nígbà tó bá dé.

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ tirẹ̀

Bí iṣẹ́ ẹgbẹ́ bá parí, kò tíì tán. Ọmọ tó sùn nínú ẹgbẹ́ náà wà níbẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ rí i. Nínú máàkì 10, mẹ́rin ni ti ẹgbẹ́, mẹ́fà ni ti ìpínrọ̀ kan tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dá jókòó kọ. Kí ó sọ ìwà kan, kí ó sọ ibi tó ti rí i, kí ó fa ọ̀rọ̀ yọ, kí ó sì sọ ìdí tí ibẹ̀ fi fi ìwà náà hàn.

Ẹ wo bí ọmọ kan ṣe kọ ti Ìdòwú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: "Ìdòwú jẹ́ olóòótọ́ ọmọ. Ó tún jẹ́ onínúure. Ó yẹ kí gbogbo wa fi ìwà jọ ọ́." Ọmọ kan náà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo ní kó tún un kọ: "Ẹ̀rí ọkàn ń da Ìdòwú láàmú. Ó 'ka owó náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta' lábẹ́ igi máńgòrò, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ jí i kò níláti kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí wọ́n pè é ní ọmọ rere, 'kò dáhùn', torí ó mọ ohun tó wà lápò rẹ̀." Mo fún un ní mẹ́fà nínú mẹ́fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì ohùn rẹ̀ ò pé.

Tí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ ká àwọn bébà náà, kí ẹ fi okùn so wọ́n kọ́ ìṣó lókè, kí ikán má bàa dé ibẹ̀. Mo máa ń tú ti ọdún tó kọjá sílẹ̀ fún àwọn SS2 tuntun kí wọ́n wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ní táàmù tó kọjá, mo dé inú kíláàsì mo rí wọn tí wọ́n pé bo ọ̀kan, tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà Akàrà-ògùn, ní ọwọ́ ìkọ̀wé tèmi, mo ti kọ "ó láyà" láìfi ojú ìwé sí i. Wọ́n ti fi bíró pupa fa ìlà sí i, wọ́n sì kọ "Níbo, Àǹtí?" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.